Kí ló ń dí ẹgbẹ́ kẹta lọ́nà ní Amẹ́ríkà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ìrìn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí, tí ẹ ṣì jókòó láti gbọ́ Yorùbá lọ́sàn-án Sátidé, Olúwa yóò dá yín sí fún wa. Alága, mo dúpẹ́ pé ẹ pè mí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo àgbà tó wà níkàlẹ̀.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ta ló rántí Ross Perot? Mo rí ọwọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbí. Ní 1992, ọkùnrin olówó ará Texas yìí jáde fún ipò ààrẹ. Kò sí nínú ẹgbẹ́ Democrat, kò sí nínú ẹgbẹ́ Republican. Owó ara rẹ̀ ló ná. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 19 ló dìbò fún un, ìyẹn bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìbò tí wọ́n dì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iye orí ènìyàn ni wọ́n fi ń yan ààrẹ níbí. Àwọn aṣojú ìpínlẹ̀, tí gbogbo wọn jẹ́ 538, ló ń yàn án. Mélòó ni Perot rí nínú 538? Kò rí ẹyọ kan. Mo tún un sọ: mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún ènìyàn, kò sí aṣojú kan ṣoṣo.

Kí ló fà á? Ṣé kò lówó ni? Ó lówó. Ṣé àwọn ènìyàn ò mọ̀ ọ́n ni? Ó bá George H. W. Bush ti Republican àti Bill Clinton ti Democrat dúró sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ayé sì wò ó. Ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ ni? Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn tó ń ṣèwádìí èrò ará ìlú ní òun ló ṣáájú àwọn méjèèjì. Lóòótọ́, ó fà sẹ́yìn ní oṣù keje, ó tún padà wọlé ní oṣù kẹwàá, ìyẹn sì pa á lára. Síbẹ̀, ohun tí mo wá bá yín sọ lónìí ni pé òfin tí wọ́n fi ń ka ìbò ló ká ẹgbẹ́ kẹta lápá kò ní ilẹ̀ yìí. Bí a bá ń bínú sí olùdíje, tí a ń bú ẹni tó dìbò fún un, tí a kò sì yẹ òfin náà wò, ẹ̀tẹ̀ la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà.

Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò

Ẹ jẹ́ ká rò ó pé ènìyàn ọgọ́rùn-ún fẹ́ yan aṣòfin kan. Ẹnì kan ní ìbò 40, ẹnì kejì ní 35, ẹnì kẹta ní 25. Ẹni tó ní 40 ló wọlé. Ọgọ́ta ènìyàn tí kò fẹ́ ẹ ńkọ́? Kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹni tó ní 25 ńkọ́? Kò sí àga kan fún un. Ẹ wá fi ìyẹn ṣe odindi orílẹ̀-èdè. Ẹgbẹ́ kan lè ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún níbi gbogbo, kó má rí aṣòfin kan rán lọ sí Washington. Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ̀lẹ́bí ní Lọ́ńdọ̀nù, irú kíkà yìí ni tiwọn náà. Ní 1983, àjọṣe ẹgbẹ́ Liberal àti SDP tiwọn (Social Democratic Party) ní ìdá 25.4 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, àga 23 péré ni wọ́n sì rí. Ẹgbẹ́ Labour ní ìdá 27.6, wọ́n rí àga 209. Ẹ wo ìyàtọ̀ ìbò, ẹ wo ìyàtọ̀ àga!

Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Maurice Duverger, ti sọ ọ̀rọ̀ yìí láti 1951. Ó ní níbi tí wọ́n bá ti ń ka ìbò báyìí, ẹgbẹ́ ńlá méjì ló sábà máa ń kù. Kíkà náà ń gé ẹni kẹta lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù ni ìdí kejì, ó sì wà lọ́kàn olùdìbò. Olùdìbò ti mọ̀ pé kíkà á gé e lulẹ̀, nítorí náà kò ní dìbò fún un bó bá tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ràn jù la kì í dìbò fún. Ẹni tí a rò pé ó lè lé ẹni tí à ń bẹ̀rù là ń dìbò fún. Ṣé irọ́ ni mo pa? Mélòó nínú wa ló ti dìbò fún ẹni tí a kò fẹ́, torí pé a ń sá fún ẹlòmíràn?

Ti ààrẹ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ 48, ẹni tó bá ṣáájú, ì báà jẹ́ ìbò kan ló fi ṣáájú, ló ń kó gbogbo aṣojú ìpínlẹ̀ náà lọ. Maine àti Nebraska nìkan ni wọ́n ń pín tiwọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní 1968, George Wallace, gómìnà Alabama tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń jà pé kí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú má dàpọ̀, jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ kẹta. Ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ló ní, ìbò rẹ̀ kò tó ti Perot rárá. Ṣùgbọ́n ó gba ìpínlẹ̀ márùn-ún ní Gúúsù, ó sì kó aṣojú 46. Kí ló dé? Ìbò Wallace ṣù jọ síbì kan, ti Perot fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Òfin yìí san ẹni tó ń da agbègbè kan sí ọ̀tọ̀ lẹ́san rere, ó sì fi ọwọ́ òfo lé ẹni tí gbogbo ìpínlẹ̀ fẹ́ díẹ̀díẹ̀ padà sílé. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó ṣì ń dùn mí.

Nílé, ìwé òfin wa ti gbìyànjú láti dí irú ihò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ààrẹ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ẹni tó gba ẹkùn kan ṣoṣo kò lè débẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ṣáájú náà ló ń kó gbogbo rẹ̀. Ní 2023, ẹgbẹ́ Labour ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tilẹ̀ ṣáájú ní Èkó, síbẹ̀ ipò kẹta ló wà.

Bí kò bá sì sí ẹni tó ní aṣojú 270, tó ju ìdajì 538 lọ, níbí ńkọ́? Ìwé òfin ní kí Ilé Aṣojú-ṣòfin yan ààrẹ, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan. California tó ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 39, ìbò kan. Wyoming tí kò tó ènìyàn 600,000, ìbò kan. Ta ló wà nínú Ilé náà? Democrat àti Republican. Bí ẹni kẹta bá tiẹ̀ lágbára débi tó fi dí àwọn méjèèjì lọ́nà, ọwọ́ àwọn ènìyàn wọn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa bọ́ sí.

Ẹnu ọ̀nà

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé ìdìbò ló kàn. Báwo ni orúkọ ṣe ń débẹ̀? Ìpínlẹ̀ àádọ́ta, òfin àádọ́ta. Àwọn wo ló ń ṣe òfin náà? Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ti wá? Ẹ ti mọ ìdáhùn. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ ta aṣọ dé ọjà, tí wọ́n ní kó lọ tọrọ àyè ìsọ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣọ méjì tó ti wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ohio ní tiwọn ní kí ẹgbẹ́ tuntun kó ìbùwọ́lùwé tó tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìbò tí wọ́n dì fún gómìnà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló wọ́gi lé e ní 1968. Ìyẹn ti pẹ́, àbí? Ẹ wo New York. Ní 2020, wọ́n sọ ìbùwọ́lùwé tí olùdíje gómìnà tí kò ní ẹgbẹ́ tó fìdí múlẹ̀ gbọ́dọ̀ kó di 45,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tẹ́lẹ̀, 15,000 ni. Wọ́n tún ní kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dúró máa ní ó kéré tán ìbò 130,000 tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù, ní ọdún méjìméjì. Nígbà tí ìdìbò gómìnà dé ní 2022, orúkọ olùdíje méjì péré ló wà lórí ìwé. Ní ìpínlẹ̀ tó ní ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 19!

Mo rántí ọmọkùnrin kan tó dúró síwájú ilé ìtajà nínú òtútù, pátákó kékeré lọ́wọ́, tó ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọjá pé kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé òun. Ọ̀pọ̀ ò dá a lóhùn. Mo bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ni òun. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò ní láti dúró nínú òtútù yẹn ní ọdọọdún, torí àyè wọn ti wà nílẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá sì kó o tán, agbẹjọ́rò lè lọ sílé ẹjọ́ pé ìbùwọ́lùwé kan kò bá àdírẹ́sì mu, pé ẹnì kan kọ orúkọ ìnagijẹ. Owó tó yẹ kí wọ́n fi polongo, ilé ẹjọ́ ni wọ́n á fi jẹ́.

Mo fẹ́ ṣe òdodo o. Asẹ́ gbọ́dọ̀ wà. Ní 2019, olùdíje 73 ló wà lórí ìwé ìdìbò ààrẹ nílé, àwọn ìyá wa sì ń wá àmì ẹgbẹ́ wọn títí. Ọdún tó tẹ̀lé e ni INEC yọ ẹgbẹ́ 74 kúrò. N kò ní kí ẹnikẹ́ni tó bá jí lówúrọ̀ di olùdíje. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń díje kọ́ ló yẹ kó máa mú asẹ́ dání.

Orí pèpéle

N kò ní pẹ́ níbí. Ní 1987 ni àwọn olórí ẹgbẹ́ méjèèjì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ṣètò ìtàkùrọ̀sọ àwọn olùdíje ààrẹ títí dé 2020. Ní 1992 wọ́n jẹ́ kí Perot wá. Ní 1996 wọn ò jẹ́ kó wá, ìbò rẹ̀ sì wá sílẹ̀ dé ìdá 8.4. Láti 2000, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìdá 15 nínú ìwádìí èrò ará ìlú kò gbọ́dọ̀ gun pèpéle. Ta ló máa mọ̀ ọ́n títí tó fi máa ní ìdá 15, bí wọn ò bá jẹ́ kó gun pèpéle?

Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minnesota ní 1998. Jesse Ventura, ẹni tó ti ja ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n rí, jáde fún gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ Reform tí Perot dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kó bá àwọn méjì yòókù dúró sọ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ náà ní owó ìrànwọ́ fún ìpolongo, òfin wọn sì gbà kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò gan-an. Ìdá 37 ni Ventura ní, ó sì di gómìnà. Ibi tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ènìyàn á wọlé. Àmọ́ sáà kan ló ṣe. Ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní 2000, ọdún kan náà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń bá ara wọn jà lórí owó ìjọba tó lé ní mílíọ̀nù 12 dọ́là tó tọ́ sí wọn nítorí ìbò Perot. Ìjà abẹ́lé náà wà nínú ohun tó ń pa ẹgbẹ́ kẹta; ẹ má jẹ́ ká di gbogbo rẹ̀ ru òfin.

Ìbò tó ń ran ẹni tí a kò fẹ́ lọ́wọ́

Èyí gan-an ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Ní 2000, ìbò 537 ni George W. Bush fi ṣáájú Al Gore ní Florida, Florida ló sì sọ ọ́ di ààrẹ. Ralph Nader tó jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ Green ní ìbò tó lé ní 97,000 ní Florida kan náà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé Nader jí ìbò Gore.

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ìbò kì í ṣe ogún bàbá ẹgbẹ́ kankan. Ẹni tó dì í ló ni ín. Bí Gore bá fẹ́ ẹ, kó lọ tọrọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: lábẹ́ òfin tí a ní, ìbò tí o dì fún ẹni tí o fẹ́ràn jù lè gbé ẹni tí o kórìíra jù wọlé. Òótọ́ ni méjèèjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì dání.

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ sì ni. Ní 1844, ẹgbẹ́ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Liberty. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá kiri: kí oko ẹrú dópin. Àwọn ènìyàn wa, ọmọ Áfíríkà, ló wà nínú ìdè yẹn. James Birney ni olùdíje wọn. Ní New York, ó ní ìbò tó lé ní 15,000. Henry Clay sì fi ìbò bíi 5,000 pàdánù ìpínlẹ̀ náà fún James Polk. Bí Clay bá gba New York, òun ni ìbá jẹ ààrẹ. Clay náà ní ẹrú o, ṣùgbọ́n Polk ló fi tagbáratagbára fẹ́ kí Texas di ara Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí oko ẹrú ti ń gbilẹ̀. Texas sì wọlé ní 1845. Ṣé ẹ wá rí i? Àwọn tó kórìíra oko ẹrú jù ni ìbò wọn ṣí ọ̀nà fún un láti fẹ̀ sí i.

Ṣé kí Birney jókòó sílé ni? Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí ìtàn náà parí. Ní 1848, ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sínú ẹgbẹ́ Free Soil, wọ́n ní bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1854, ẹgbẹ́ Whig tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ńlá méjì ìgbà yẹn fọ́ yángá lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, ẹgbẹ́ tuntun kan sì dìde. Republican ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ tuntun ni àwọn náà rí! Ní 1860, Abraham Lincoln di ààrẹ pẹ̀lú bí ìdá 40 péré, torí pé olùdíje mẹ́rin ló pín ìbò. Ní 1865, ìwé òfin fòpin sí oko ẹrú. Láti Birney dé ibẹ̀, ogún ọdún àti díẹ̀ ni. Ẹ sì má gbàgbé pé ìgbà tí ẹgbẹ́ ńlá kan kú ni àyè tó ṣí.

Àwọn ẹgbẹ́ kẹta yòókù kì í sábà rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹgbẹ́ Populist àwọn àgbẹ̀ gba aṣojú 22 ní 1892. Ní 1896 ẹgbẹ́ Democrat fa William Jennings Bryan sílẹ̀, àwọn Populist náà tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ wọn sì tú. Ṣùgbọ́n owó orí lórí ohun tí ènìyàn ń rí gbà, àti kí ará ìlú máa fúnra wọn yan Sẹ́nétọ̀, méjèèjì tí wọ́n ń pariwo lé lórí, wọ inú ìwé òfin ní 1913. Ẹgbẹ́ kú, ọ̀rọ̀ wọn kò kú.

Ní 2016, arábìnrin wa kan, nọ́ọ̀sì ni, pè mí lóru. Ó ní, "Bọ̀dá, mi ò fẹ́ ọkùnrin yẹn, mi ò fẹ́ obìnrin yẹn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n dìbò fún ẹni kẹta?" Mo bi í pé, "Níbo lò ń gbé?" Ó ní, "Bọ̀dá, ṣebí ẹ mọ ilé mi." Mo ní mo mọ̀ ọ́n, kó ṣáà sọ ọ́. Ó ní Maryland. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá sọ, torí pé ẹgbẹ́ tó máa kó Maryland ti hàn sí gbogbo ayé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbé Pennsylvania. Mo ní bí ìyẹn bá pè mí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí mo máa bá a sọ, torí pé níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹgbẹ́ tó máa kó ìpínlẹ̀ náà. Ọmọ ìyá kan náà, ìbò kan náà, ìdáhùn méjì! Ìyẹn ló yẹ kó máa bí wa nínú.

Kí ni ṣíṣe?

Maine fi ọ̀nà kan hàn wá. Ní 2010, Paul LePage di gómìnà níbẹ̀ pẹ̀lú bí ìdá 38, nígbà tí àwọn tí kò fẹ́ ẹ pín ìbò wọn láàárín àwọn yòókù. Ó dun àwọn ará ìlú. Ní 2016, àwọn fúnra wọn dìbò láti yí kíkà padà, wọ́n sì lò ó fún ìdìbò aṣòfin àpapọ̀ ní 2018. O máa kọ 1 sí ẹni tí o fẹ́ jù, 2 sí ẹni tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ títí. Bí kò bá sí ẹni tó kọjá ìdajì, wọ́n á yọ ẹni tó gbẹ̀yìn, wọ́n á sì gbé ìbò àwọn ènìyàn rẹ̀ fún ẹni tí wọ́n kọ 2 sí. Pẹ̀lú ìyẹn, ará Pennsylvania lè dìbò bí ará Maryland, láìbẹ̀rù. Alaska náà ti ń lò ó láti 2022. Ọdún 2022 yẹn náà ni Florida àti Tennessee fi òfin dè é, kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn tí kíkà àtijọ́ ń gbè kò sùn.

Ẹ má jẹ́ ká wo ọ̀ọ́kán nìkan. Ní Takoma Park, nítòsí wa níbí, wọ́n ti ń ka ìbò ìgbìmọ̀ ìlú báyìí láti 2007. Ẹni tó ń gbé ìlú náà tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí sì lè dìbò ìlú níbẹ̀. Mélòó nínú wa ló mọ̀?

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní 1981, Bernie Sanders fi ìbò mẹ́wàá péré di méyọ̀ Burlington ní Vermont, kò sí nínú ẹgbẹ́ ńlá kankan. Láti ibẹ̀ ló ti dé Ilé Aṣojú-ṣòfin, tó dé Sẹ́néètì. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló dá ẹgbẹ́ Progressive sílẹ̀ ní Vermont, ẹgbẹ́ náà sì ti ń rán ènìyàn lọ sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sanders fẹ́ jẹ ààrẹ ní 2016 àti 2020, inú ìdìbò abẹ́lé Democrat ló gbà. Òun náà mọ bí odi yẹn ṣe ga tó. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ti ẹgbẹ́ tó ń jí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin, tó ń fa olùdíje ààrẹ sílẹ̀, tó tún ń padà lọ sùn. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ìlú ńkọ́?

Ní Maryland, ìbùwọ́lùwé 10,000 ni ẹgbẹ́ tuntun nílò kí ìjọba tó mọ̀ ọ́n. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n a ti kó ju bẹ́ẹ̀ lọ jọ síbi òkú àti ìgbéyàwó wa. Ilé aṣòfin wa ń jókòó ní Annapolis fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti oṣù kìíní. Bí àbá lórí kíkà ìbò bá wá síwájú wọn, ará ìlú lè wọlé lọ sọ tẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ kí ènìyàn márùn-ún nínú wa dúró lẹ́yìn ìpàdé kí á jọ kọ orúkọ sílẹ̀ láti máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù kí n tó gba ìbéèrè. Bí o bá forúkọ sílẹ̀ láìmú ẹgbẹ́ kankan ní Maryland, o kò lè dìbò abẹ́lé Democrat tàbí ti Republican, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń parí ọ̀pọ̀ ìdíje ní àgbègbè wa. Kí olúkúlùkù ro ìyẹn dáadáa kó tó mú ẹgbẹ́ tàbí kó tó kọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ jọ̀wọ́, kó má ṣe kọ fọ́ọ̀mù yẹn. Ó lè ba ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ jẹ́. Bó bá ń gbé Takoma Park, kó wá bá mi, mo máa júwe ọ́fíìsì ìlú fún un. Ẹ ṣeun. Màmá tó wà níwájú ló kọ́kọ́ nawọ́. Ẹ̀yin lẹ ni í, Mà.